Ta ni Louis Kahn, iṣẹ́ wo ló sì sọ ọ́ di olókìkí?

Ayàwòrán-ilé ọmọ Amẹ́ríkà ni Louis Kahn. Estonia ni wọ́n bí i sí ní 1901, ẹyín iná sì jó o lójú ní kékeré. Àpá náà kò parẹ́ títí tó fi kú. Ní 1906, ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí Philadelphia. Wọn kò lówó lọ́wọ́, ó sì ń tẹ dùùrù ní ilé sinimá kó lè rí owó díẹ̀. Ó gboyè ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1924.

Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí ilé àwòrán tó yà fún Yunifásítì Yale (1953) tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Tèmi, Salk Institute, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní California, ló ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ́ ilé méjì ló kọjú síra, àgbàlá òkúta wà láàárín wọn, kò sí igi kankan níbẹ̀, àfi ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó na tààrà sí ìhà òkun Pàsífíìkì. Kò kun kọnkéré rẹ̀ lọ́dà rárá, ó fi ojú pákó tí wọ́n fi dà á sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ẹwà gidi ni!

Òun náà ló yàwòrán ilé aṣòfin Bangladesh ní Dhaka, tí wọ́n parí ní 1982. Kò rí òpin rẹ̀. Oṣù Kẹta 1974 ló kú ní ibùdókọ̀ ojú irin ní New York, bó ṣe ń ti Íńdíà bọ̀, pẹ̀lú gbèsè ńlá lọ́rùn.