Ẹ Bi Bọ̀dá Onímọ́tò: Iná Táyà Tó Kọ̀ Tí Ò Kú

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Onímọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Corolla tókunbọ̀ ti Amẹ́ríkà, 2010, àtìgbà tí mo ti gbà á ni iná yẹ́lò kan ti ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí bí ìkòkò tí wọ́n kọ àmì ìyanu sínú ẹ̀. Fọkanáísà ní kò sí ńkan tó ń ṣe é, ó ti fẹ́ gbogbo táyà sí 40 lórí géèjì, mẹkáníìkì ní kí n jẹ́ kóun kúkú yọ gílóòbù ẹ̀ kó yéé dà mí láàmú. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni mò ń ná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? (Ìyá Tèmi, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tèmi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gílóòbù yẹn o. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú rímù kọ̀ọ̀kan, ìdí fáàfù ló máa ń jókòó sí, òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà tó sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kì í ṣe fáàrí ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2000, táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer ń bó lórí ìrìn ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ń takìtì, ikú tó lé ní 200 nìjọba ibẹ̀ padà kà sí i lọ́rùn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin TREAD Act, pé kí ọkọ̀ máa kìlọ̀ tí afẹ́fẹ́ táyà bá dín, nígbà tó fi máa di September 2007 kò sí ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n lè tà níbẹ̀ tí kò ní in. Tiyín ní in nìyẹn, àyàfi tí ẹni tó pààrọ̀ rímù bá ti yọ ọ́ dànù.

Tẹ́ ẹ bá ṣíná ọkọ̀ lọ́la, ẹ wo iná yẹn dáadáa. Tó bá tàn láì ṣẹ́jú tó sì dúró bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ti dín nínú táyà kan. Tó bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó wá dúró, sẹ́ńsọ̀ ló ti kú. Bátìrì inú ẹ̀ ò ṣe é pààrọ̀, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló máa ń lò, ẹ bá mi ṣírò ti ọkọ̀ 2010. Èmi fura pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yín wà, torí wọ́n ti fẹ́ ẹ dé 40 iná ò sì kú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíì, ẹ má kàn wọ Ládípọ̀ kẹ́ ẹ ní sẹ́ńsọ̀ Corolla o, ìgbì rédíò ló fi ń sọ̀rọ̀, ti Amẹ́ríkà 315 MHz ni, ti Yúróòpù 433, tẹ́ ẹ bá ra èyí tí kì í ṣe tiyín ọkọ̀ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀ láéláé. Ẹni tó máa fi sí i gbọ́dọ̀ ní skánà tó máa fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ 40 yẹn, ta ló ní kó fẹ́ ẹ débẹ̀? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, sítíkà kan wà lára òpó ibẹ̀, iye tí Toyota fẹ́ ló wà níbẹ̀, irú ọkọ̀ yín kì í sábà kọjá 30 sí 35. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra ẹ̀ làwọn fọkanáísà ń wò, òpin ibi tí táyà lè gbà dé nìyẹn. Táyà tó bá le jù, àárín ẹ̀ nìkan ló ń tẹlẹ̀, bíréèkì ò ní mú dáadáa, kí òjò wá lọ máa rọ̀. Àárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ jáde ni kẹ́ ẹ géèjì ẹ̀, torí tó bá ti sáré ó máa gbóná, nọ́ńbà á sì lé sí i fúnra ẹ̀.

Ibi tó ń ká mi lára jù ni pé iná yẹn gan-an máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kó tàn tí ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ bá ti lọ, ìyẹn ni pé táyà tó yẹ kó wà ní 32 lè já sí 25 kí iná má tíì tàn. Kẹ́ ẹ wá máa sáré 120 lórí ẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ara táyà ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń gbóná, wáyà inú ẹ̀ ń tú kúrò lára rọ́bà, àfi gbòà! Torí náà ẹ máa géèjì lóṣooṣù, iná tàn o, iná ò tàn o. Kò sì mọ ọjọ́ orí táyà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, 1419 ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019, kẹ́ ẹ tó sanwó táyà tókunbọ̀ tí wọ́n fi pólíìṣì kùn.

ÌBÉÈRÈ: Golf tèmi ò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà, fọkanáísà tú u wò, síbẹ̀ iná tàn nígbà tí ìṣó gún un. Ta ló sọ fún un? (Akin, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ABS ni, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há tó o bá tẹ bíréèkì. Ó ń ka bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dín máa ń kéré díẹ̀, á wá máa yí yára ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ dín dọ́gba, ó lè máà mọ̀. Tó o bá sì ti fẹ́ táyà tán, tẹ bọ́tìnnì SET.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní táyà ọlọ́gbọ́n ti jáde, ṣé irú àwa náà lè rà á? (Alhaji R., Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ó wà. Pirelli tó ń ṣe táyà ti fi sẹ́ńsọ̀ sínú táyà fúnra ẹ̀, Cyber Tyre ni wọ́n pè é, ó wà lẹ́sẹ̀ McLaren Artura, ọkọ̀ olówó gọbọi, á sọ fún ọkọ̀ bó ṣe gbóná tó àti irú táyà tó jẹ́. Owó Artura ò sí lọ́wọ́ èmi ṣá. Èyí tó bá àpò mu ni ìdérí fáàfù mẹ́rin tó ní sẹ́ńsọ̀, pẹ̀lú síkírínì kékeré tó ń lo oòrùn, ẹ lè fi dé e fúnra yín, nọ́ńbà táyà kọ̀ọ̀kan á sì máa hàn níwájú yín. Ẹ fi géèjì gidi yẹ̀ ẹ́ wò lákọ̀ọ́kọ́, torí àwọn míì ń purọ́. Kẹ́ ẹ sì fi nọ́ọ̀tì tó bá a wá dè é pinpin, wọ́n ń jí i ní pákìǹgì.