Ta Ló Sọ Fún Ọ Nínú Ìlú?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, igbe kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: "Àǹtí, wọ́n meta mi!" Ẹ̀yin tí ẹ kì í dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára là á yé yín. GTA V tó jáde lọ́dún 2013 ni géèmù náà. FiveM ni àwọn tó ń ṣe é fi ń gbé e sórí server tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń wọ̀ láti ibi tí wọ́n wà, tí èèyàn rẹpẹtẹ á fi jọ wà nílùú Los Santos lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú á máa ṣe ẹlòmíràn: ọlọ́pàá, mẹkáníìkì, awakọ̀ tákísí, olè. Ẹni tó bá gbọ́ nǹkan lẹ́yìn géèmù, lórí Discord tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, lórí Twitch tí wọ́n ti ń fi géèmù han aráyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́, tó wá jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe nínú ìlú máa hùwà bíi pé òun mọ̀ ọ́n, ó ti ṣe metagaming nìyẹn, tí a gé kúrú sí meta. Nínú ìlú náà, dókítà ni mí ní ilé ìwòsàn Pillbox, mo sì ti jókòó rí sípò admin, alábòójútó server tó ń dá ẹjọ́, níbi tí ẹjọ́ yìí ti ń gba oorun lójú èèyàn.

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Ìlọrin, kọ̀ǹpútà méjì, jẹnẹrétọ̀ kan. Òun ń ṣe ọlọ́pàá, èmi ń ṣe olè. Lálẹ́ Sátidé, àwa mẹ́rin ja ṣọ́ọ̀bù góòlù Vangelico lólè, mo sì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi lórí rédíò pé ká pàdé lẹ́yìn ilé ọkọ̀ òfurufú tó wà ní Sandy Shores. Ká tó débẹ̀, mọ́tò ọlọ́pàá mẹ́ta ti lúgọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ṣáájú wọn. Mo pariwo "meta!" lójú ẹsẹ̀, mo sì já kúrò nínú géèmù. Admin ní èmi gan-an lòun máa fìyà jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà la ti yan ara wa lódì.
Àbúrò Ọlọ́pàá, Ìlọrin

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìyà. Admin ò jẹ̀bi. Ẹni tó já kúrò nínú géèmù nígbà tí wọ́n ká a mọ́, server wo ni kò ní fìyà jẹ ẹ́? Bí wọ́n tilẹ̀ meta ọ lójú kòrókòró, o gbọ́dọ̀ parí eré náà: gbé ọwọ́ sókè, jẹ́ kí wọ́n mú ọ, lọ sẹ́wọ̀n bó bá di dandan, lẹ́yìn náà kí o wá lọ fẹjọ́ sùn. Bí ẹjọ́ bá dá ọ láre, admin lè dá owó àti ẹrù rẹ padà. Ariwo "meta" láàárín ọ̀nà kì í dá nǹkan kan padà. Ṣe ló ba eré jẹ́ fún àwọn mẹ́ta yòókù tí wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n rẹ. O fẹ́ kí admin sọ bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́. Kò sí admin tó lè wo inú etí èèyàn. Ohun tó lè wò ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá yẹn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo fi máa ń wà lẹ́nu mi nígbà tí mo wà nípò yẹn: ta ló sọ fún ọ nínú ìlú? Olófòófó lè ti sọ fún un. Hẹlikọ́pítà ọlọ́pàá lè ti tẹ̀ lé yín. Èrò ọ̀nà náà lè ti rí yín: lórí ọ̀pọ̀ server, bí ìbọn bá ti dún, tàbí tí ẹ bá jí mọ́tò níṣojú àwọn èrò tí géèmù fúnra rẹ̀ ń darí, ìkìlọ̀ máa ń dé sójú ẹ̀rọ àwọn ọlọ́pàá, pẹ̀lú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí máàpù. Ṣọ́ọ̀bù góòlù náà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Mo ti rí ẹjọ́ tó jẹ́ pé olè ló fi ìbọn yínyìn pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, tó wá ń sunkún meta kiri.

Má sì gbàgbé pé àgọ́ ọlọ́pàá wà ní Sandy Shores. Rírí mọ́tò wọn níbẹ̀ kì í ṣe àrà. Ṣùgbọ́n kí mẹ́ta lúgọ sẹ́yìn ilé ọkọ̀ òfurufú kan pàtó kí ẹ tó dé, láìsí ẹni tó ń lé yín bọ̀, ìyẹn gbọ́dọ̀ ní orísun. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìbéèrè láti dáhùn. Sọ fún admin kó gba fídíò rẹ̀, kó sì gbọ́ ohun tó sọ lórí rédíò ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbéra. Bó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dárúkọ Sandy, tí ìkìlọ̀ kankan ò sì tíì dé, kó ṣàlàyé ibi tó ti rí i. Kí admin tó máa dá ẹjọ́ náà má sì jẹ́ ẹni tí òun náà ń wọṣọ ọlọ́pàá nínú ìlú, mo bẹ̀ yín. Ìwọ náà, jẹ́ kí OBS tàbí ShadowPlay, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ká fídíò, ti máa ká ohun tó ń lọ sílẹ̀ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Fídíò kékeré tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti na ìbọn sí ọ ò lè sọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Yàrá yẹn gan-an ni ìṣòro. Bí ẹ ra hẹ́ẹ̀dfóònù tó wọ́n jù lọ, etí ló máa bò, kò ní bo ẹnu. O pariwo "Sandy" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàá, o wá ń retí kó di adití! Ẹ lọ sọ fún admin lónìí pé yàrá kan lẹ wà, kó wà lákọsílẹ̀ kí ẹjọ́ mìíràn tó dé. Lálẹ́ tí ẹ bá jọ wà nínú ìlú, kí ẹ̀gbọ́n rẹ bọ́ aṣọ ọlọ́pàá kó wa áńbúláǹsì, tàbí kí ìwọ wa tákísí. Bí ẹ ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi ìpàdé, fi fóònù inú géèmù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, má fẹnu sọ ọ́.

Ó ku ibì kan tó ṣòro, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòfin server kì í fẹ́ dé. Ká ní ó gbọ́ lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé Sandy ló forí lé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó yà? Bó bá yà nítorí ohun tó gbọ́, ó ti lo ohun tó gbọ́ náà nìyẹn, ìwọ lo kàn jàǹfààní rẹ̀. Mo mọ ọlọ́pàá kan lórí server wa tó jẹ́ pé bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá ta sí i létí, á ní kí ọlọ́pàá mìíràn gba iṣẹ́ náà, òun á lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó páàkì sí ibi tí kò yẹ ní Legion Square. Mo fara mọ́ ọn. Bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí o sì kí i láàárọ̀ ọ̀la. Àbí ta ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yẹn?

Àǹtí, Peckham ni mo ti ń kọ̀wé. Ọlọ́pàá ni mo ń ṣe. Olè kan da nǹkan bojú, ó ní kí n dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe la ẹnu báyìí ni mo dá a mọ̀: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ohùn ẹ̀ ò sì fara sin. Mo lọ mú un nílé ẹ̀. Wọ́n ní mo ṣe meta. Ṣé mi ò létí ni?
Ọ̀gá Ọlọ́pàá, Peckham

Níbo lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà? Bó bá jẹ́ pé òun ló ń tún mọ́tò rẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tí ẹ ti jọ ṣàwàdà níbẹ̀, ìlú ló sọ fún ọ, o sì lè fura sí i. Bó bá jẹ́ pé inú Discord lẹ ti jọ ń rẹ́rìn-ín lóru, ọlọ́pàá rẹ ò tíì bá a pàdé rí. Òfin server yàtọ̀ síra lórí èyí: àwọn kan gbà kí èèyàn dá ohùn mọ̀, bí ẹ bá ti bára yín sọ̀rọ̀ dáadáa nínú ìlú, àwọn kan ò gbà á rárá bí ẹni náà bá ti bojú. Níbi tí wọ́n tiẹ̀ ti gbà á, ìfura lásán ni. Máa ṣọ́ ọ, wá nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀, bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ilé ẹ̀ tí o lọ tààrà ni mo fi ń wò ọ́ tìfura-tìfura. Ta ló júwe ilé fún ọ? O ò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Los Santos.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń fi géèmù mi hàn lórí Twitch bí mo ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn ọ̀tá mi máa ń mọ ibi tí mo wà. Kí ni kí n ṣe?
Oníṣòwò, Agége

O ṣí fèrèsé fún gbogbo ayé, wọ́n sì yọjú. Wọ́n jẹ̀bi o, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dì wọ́n mú, torí orúkọ tí wọ́n fi ń wo Twitch lè máà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wọ géèmù. Nínú OBS, lábẹ́ Advanced, wàá rí stream delay, tó ń mú kí àwòrán rẹ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wò ọ́. Fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ohun tó máa ná ọ ni pé ìwọ àtàwọn tó ń wò ọ́ ò ní máa tètè gbọ́ra yín. Bo máàpù mọ́ wọn lójú. Ẹni tó bá sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ pé "ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n wà", lé e dànù: bí o bá yíjú wẹ̀yìn, ìwọ lo ṣe meta.

Ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ mi. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa géèmù. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré kì í kí ara wọn mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń ṣe amí ọmọ òun lórí WhatsApp, pé ó ti jẹ́ kí wọ́n pa á. Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?
Ìyá Ṣèyí, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àárẹ̀ o, mà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, ara ọmọ náà sì le. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo egúngún l'Ábẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé a lè mọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, bàtà rẹ̀ lè ti tú àṣírí, síbẹ̀ a kì í pe orúkọ rẹ̀ lójú agbo. Bí mo ṣe lóye ẹ̀sùn náà, wọ́n ní ọmọ yín pe orúkọ: ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, ó dárúkọ ibi tí òun sá pamọ́ sí nínú géèmù, ọmọ yín sì dé síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn.

Aáwọ̀ yìí ti wà kí àwọn ọmọ yìí tó dáyé. Lórí tábìlì, pẹ̀lú pépà àti ọmọ ayò dáìsì, ni àwọn tó ń ṣe Dungeons & Dragons ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé e jáde lọ́dún 1974. Ẹnì kan á ti kà á nínú ìwé òfin pé iná ni kì í jẹ́ kí egbò abàmì tó ń jẹ́ troll tètè jinná. Jagunjagun tó ń ṣe, tí kò rí troll rí láyé rẹ̀, á wá gbé ògùṣọ̀ tọ̀ ọ́ lọ tààrà bí ẹni tí ifá sọ fún. Àgbàlagbà ló ń jà síyẹn o, mà.

Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó. Ẹ bi ọmọ yín ẹni tó sọ fún un nínú ìlú, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Bí kò bá rí ẹnì kankan dárúkọ, kó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá kejì náà, ẹ ní kí wọ́n má fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe kóòtù mọ́. Nǹkan kan wà tó ká mi lára ju ìjà yẹn lọ: 18 ni PEGI, àwọn tó ń fi ọjọ́ orí sí géèmù ní Yúróòpù, kọ sára GTA V, ọ̀pọ̀ server tí wọ́n ti ń ṣe irú eré yìí ni kì í sì í gba ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi béèrè ọjọ́ orí tí ọmọ ọdún 16 kọ sínú fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Àǹtí, wọ́n pa mí, mo sì jí ní Pillbox. Mo mọ ẹni tó pa mí. Ṣé mo lè gbẹ̀san?
Mo Ń Bọ̀, Àkúrẹ́

Ó kù sí bí o ṣe jí. Bó bá jẹ́ pé áńbúláǹsì ló gbé ọ, tí dókítà sì tọ́jú ọ, bóyá èmi gan-an, o ò kú, o fara pa ni. Lórí ọ̀pọ̀ server, wàá rántí ohun tí o fojú rí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé ọ, tó jẹ́ pé ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì tí o fi bára rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, òfin New Life ti wọlé: o ti gbàgbé ẹni tó pa ọ́, ibi tó ti pa ọ́ àti ohun tó fà á. Àwọn server kan ò tilẹ̀ ní jẹ́ kí o padà sí àdúgbò náà fún àkókò kan. O lè máa rò ó pé kí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ fún ọ lórí rédíò inú ìlú. Ibì kan gbà á, ibòmíràn ò gbà á. Ka òfin tiyín kí o tó ra ìbọn.