"Ìwọ nìkan ló kù": ṣé kí n fọwọ́ sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ọdún 3 rèé. Lọ́jọ́ Ẹtì, mánájà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ dín owó oṣù mi kù láti ₦120,000 sí ₦95,000. Ó ní ẹbí kan ni gbogbo wa, àwọn yòókù ti gbà, ìwọ nìkan ló kù, kí n fọwọ́ sí i kí aago 5 tó lù. Àṣé ohun kan náà ló ń sọ fún kálukú! Ṣé ọgbọ́n ọ̀gá nìyẹn ni, àbí ẹ̀tàn?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀tàn ni. Kò sóhun tó burú bí ọ̀gá bá rọ òṣìṣẹ́. Ká ní ó pe gbogbo yín jọ, ó fi ìwé owó hàn yín, ó sì sọ oṣù tí owó yín máa padà bọ̀ sípò, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ẹ sì lè gbà tàbí kí ẹ kọ̀. Ṣùgbọ́n ó pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan torí pé bí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀, irọ́ á tú. Ó dá aago 5 torí pé ẹni tó bá sùn lórí ọ̀rọ̀ á bèèrè ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló wá dùn wá jù. Ó mọ̀ pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wojú àgbà kó ní òun ò ṣe. Ẹ̀kọ́ ilé yín ló fi ń mú yín.

Ẹ má bá a jà. Ẹ ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ jẹ́ kí n lọ fara balẹ̀ kà á." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ ní ẹ fẹ́ dín owó oṣù mi kù sí ₦95,000. Ẹ jọ̀ọ́, títí oṣù wo ni?" Ẹ má fi èébú tàbí ẹ̀sùn kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀.

Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá dín owó tẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn kù láìjẹ́ pé ẹ gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọn ò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó tó dín láìsọ nǹkan kan. Ní kóòtù, wọ́n lè ka ìdákẹ́ yẹn sí pé ẹ ti gbà. Bí owó bá dín lóṣù àkọ́kọ́, ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ yẹn pé ẹ ò fara mọ́ ọn.

Bó bá fi ìléníṣẹ́ dẹ́rù bà yín, lábẹ́ Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, akọ̀wé tó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 5 gbọ́dọ̀ gba ìwé ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè dá a dúró, tàbí kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ náà fún un. Bí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni ká tẹ̀ lé. National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

ÌBÉÈRÈ: Mánájà ni mí ní Ìkẹjà. Ṣé ó burú kí n yin òṣìṣẹ́ kí n tó gbé iṣẹ́ àṣekún fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ yìn ín lọ́jọ́ tó bá ṣe dáadáa. Ẹ bèèrè iṣẹ́ àṣekún lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì dárúkọ owó rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ má tìtorí ìyẹn yọ orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga.