Ọ̀bọ Ò Lè Fọhùn, Báwo La Ṣe Mọ Ohun Tó Gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun sì máa ń wá sídìí àtẹ mi. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kí èmi tó gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀, wọ́n ti fò sórí igi. Ọmọ mi ní àwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń wọn bí etí ẹranko ìgbẹ́ ṣe mú tó. Báwo ni wọ́n ṣe ń bi í pé ó gbọ́ àbí kò gbọ́? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìbéèrè yín wù mí gan-an ni.

Tí àyè bá wà, wọ́n á kọ́ ẹranko náà níṣẹ́: tó bá gbọ́ ohùn kó tẹ nǹkan, wọ́n á fún un lómi tàbí èso. Wọ́n á wá máa dín ohùn yẹn kù díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tó jẹ́ pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, márùn-ún péré ló ń gbọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á fàmì sí, wọ́n á tún mú ohùn mìíràn, látorí èyí tó rinlẹ̀ bí ìyá ìlù dórí èyí tó tín-ín-rín bíi fèrè. Erin Éṣíà kan ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, ọwọ́jà ẹ̀ ló fi ń tẹ bọ́tìnì. 1980 ni àbájáde jáde: ó ń gbọ́ láti 17 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn) dé 10,500. Àwa èèyàn, 20 dé 20,000.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó, ta ló fẹ́ jókòó kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù? Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n sábà máa ń fún un, wọ́n á ki wáyà tín-ín-rín bọ abẹ́ awọ orí ẹ̀, wọ́n á máa ta ohùn kó, kó, kó sí i létí láìmọye ìgbà. Tí etí bá gbọ́, ọpọlọ á ta iná mànàmáná tó kéré débi pé kọ̀ǹpútà ní láti pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó tó hàn. Irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń yẹ etí ọmọ tuntun wò. Ní Norway, ní 2023, wọ́n ṣe é fún àbùùbùtán méjì, wọ́n rí i pé wọ́n ń gbọ́ ohùn tó lé ní 45,000 hertz. Síbẹ̀, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo fọkàn tán jù, torí wáyà sábà máa ń jẹ́ kó dà bíi pé etí ẹranko ò mú tó bó ṣe mú gan-an.

Àwọn ọ̀bọ yín wá ńkọ́? Irú ọ̀bọ kan ní Japan, 28 dé 34,500 hertz ló ń gbọ́, ìyẹn ni pé ohùn tín-ín-rín kan wà tí àwa ò lè gbọ́ láé. Àmọ́ ohùn ọ̀kadà rinlẹ̀, ibi tó rinlẹ̀ yẹn sì ni etí èèyàn ti mú ju tiẹ̀ lọ. Torí náà Màmá, mi ò rò pé etí yín ni. Ẹ̀yin ń dá oníbàárà lóhùn, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ewu ni àwọn ń ṣọ́ ní tiwọn. Ẹ dán an wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná bá wà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti kú, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí mi, ta ló kọ́kọ́ gbọ́.