Ṣé ààrò ni ká kọ sí pátákó, àbí àdògán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Mo fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ, mo sì ní kí wọ́n kọ “Ọbẹ̀ Orí Ààrò” sí pátákó. Ẹni tó ń bá mi kọ ọ́ ní àdògán ló yẹ, pé ti alágbẹ̀dẹ ni ààrò. Èwo ni kí n dì mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Kí ẹ tó sanwó ọ̀dà, ẹ wo ohun tí ìkòkò yín jókòó lé. Bó bá jẹ́ òkúta mẹ́ta, tàbí bulọ́ọ̀kù mẹ́ta (ta ló tún ń wá òkúta kiri láyé ìsinsìnyí?), ààrò nìyẹn. Méjì ò lè gbé ìkòkò dúró. Òun làwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àlàfo àárín wọn ni igi ń gbà wọlé. Bí ọbẹ̀ bá ń hó jù, ìyá mi kì í fọwọ́ kan ìkòkò. Á fa igi kan sẹ́yìn, á fi eérú bo ẹ̀yinná díẹ̀, ó parí.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ àdògán ní tirẹ̀. Ó yí iná ká, ó wá fi ẹnu sílẹ̀ níwájú fún igi, kí atẹ́gùn má baà máa gbá iná kiri. Àwọn kan ń fi orúkọ kan pe méjèèjì. Mi ò bá wọn jà.

Ti alágbẹ̀dẹ yẹn ló rú u lójú. Alágbẹ̀dẹ kì í gbé irin ka òkúta mẹ́ta. Inú èédú ló ń ki irin bọ̀, ẹwìrì ló sì ń fẹ́ iná náà. Iná ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ irin, ìléru ni. Bíbélì Yorùbá pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀: inú ààrò ni wọ́n ti ń yan àkàrà, inú ìléru ni wọ́n ju Ṣádírákì àtàwọn ẹnìkejì rẹ̀ sí.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ orí òkúta lẹ ó ti máa sebẹ̀, ẹ kọ ààrò. Bó bá jẹ́ gáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Oníbàárà tó bá yọjú sẹ́yìnkùlé á rí sílíńdà.

Kí ẹni tó ń bá yín kọ ọ́ sì fi àmì ohùn sí i o. Bó bá kọ ọ́ lásán, ẹlòmíì á kà á sí àárọ̀, á rò pé ẹ kì í tà lọ́sàn-án.