Àáró ló yẹ ọ́, kì í ṣe ọ̀wẹ̀: ìdáhùn fún nọ́ọ̀sì tó ń dá ka B.NSc. láti ọ̀nà jíjìn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Òkè Ògùn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti gba RN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Èṣí ni mo forúkọ sílẹ̀ láti máa ka B.NSc., oyè yunifásítì fún nọ́ọ̀sì, láti ọ̀nà jíjìn. Mo bí ọmọ mẹ́ta, mo sì ń ṣe náìtì. Wọ́n fi mí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wa, àwa tó wà níbẹ̀ sì lé ní igba. Bí mo bá fi máa jí, ọ̀rọ̀ á ti kún ibẹ̀ bámúbámú: àdúrà òwúrọ̀, ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹni tó ń ta léèsì, ẹni tó ń béèrè ohun tí wọ́n ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ jáde kí n dá ìwé mi kà. Ọkọ mi náà ní ohun tó dáa jù nìyẹn. Àmọ́ Statistics fẹ́ pa mí. Ṣé dandan ni kéèyàn ní ẹlẹgbẹ́ kó tó lè parí ẹ̀kọ́ yìí? Bó bá jẹ́ dandan, níbo ni mo ti máa rí wọn, nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú làálàá, o kú àìsùn.

Má jáde o. Pa ẹgbẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́ lórí fóònù rẹ kó má máa dún, ṣùgbọ́n má jáde. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kàwé, pátákó ìkéde ni. Máa yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí o wo ohun tó kan TMA (iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún wa ní máàkì lé lórí), owó ilé ìwé àti ọjọ́ ìdánwò, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi náà ń ka tèmi, mo bínú jáde nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé wa, tí mi ò ní dárúkọ, yí ọjọ́ ìdánwò kan padà láti ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ ẹtì ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Náìtì ni mo wà, mi ò sì tún wo ibẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́rú. Kọ́ọ̀sì yẹn di ẹrù tí mo gbé wọ ọdún tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ tí mo jáde kúrò níbẹ̀ ló mọ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an: àwọn kan wà tó dá a kà tí wọ́n sì yege, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo rí tó fi í sílẹ̀ lágbedeméjì kì í ṣe olódo. Ó rẹ̀ wọ́n ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n.

Àwọn bàbá wa tó ń ṣoko mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pe èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á dáná fún wọn, wọ́n á bá a ṣiṣẹ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni. Lónìí wọ́n wà lóko tèmi, lọ́túnla wọ́n wà lóko tìrẹ, ẹni tí kò bá sì yọjú sí oko ẹlòmíràn ti mọ̀ pé òun nìkan ni yóò kọ ebè tòun. Igba èèyàn tó wà lórí WhatsApp yẹn, ọ̀wẹ̀ tí kò ní olóko ni. Àáró ni kí o wá.

Ẹni mẹ́rin ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan bá wà ní náìtì tí ìkejì wà ní mọ́níǹ, ó ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá ti di mẹ́fà, ẹnì kan á máa jókòó síbẹ̀ bí àlejò níbi ìsọmọlórúkọ, yóò jẹ, yóò mu, kò ní sọ̀rọ̀. Má sì kó wọn láti wọ́ọ̀dù kan náà. Ó máa ń rọrùn lójú, nítorí ẹ ti mọra, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò gbogbo yín ló máa fẹ́ gba ọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò wá dúró ti àwọn aláìsàn? Ẹni tó máa bá ọ pààrọ̀ dútì ni kó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ, ẹni tó máa bá ọ kàwé ni kó wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn, tàbí ní ìlú mìíràn pàápàá. Ohun kan tó ṣe kókó ni pé kí ẹ jọ wà ní ìpele kan náà, kí ẹ sì máa ṣe ìdánwò ní ibùdó kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ibi tí ẹ máa sùn mọ́jú ìdánwò.

Inú mi máa ń dùn pé irú ọ̀nà yìí tilẹ̀ wà. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fún nọ́ọ̀sì ní oyè, òun ló kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ oyè ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì. Yunifásítì tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà ò tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó di 2002 kó tó jí padà tí a fi ń pè é ní NOUN (National Open University of Nigeria) lónìí. Àwọn àǹtí wa kan ti fẹ̀yìn tì láàárín ìgbà yẹn.

Ó yá, Statistics. Èmi náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nílé ìwé. Mo ka ojú ìwé tó ṣàlàyé standard deviation tó ìgbà mẹ́fà, àfi bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọn ò kọ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a jáde náìtì, àwa mẹ́ta jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀kan nínú wa níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ẹnì kẹrin wà lórí fóònù. Ẹni tó ni ọkọ̀ fa ìwé ṣáàtì aláìsàn kan tó ṣófo yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ó kọ iye òkè BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) aláìsàn márùn-ún sí apá ọ̀tún: 118, 119, 120, 121, 122. Ó kọ ti àwọn márùn-ún mìíràn sí apá òsì: 90, 100, 120, 140, 150. Ó ní ká wá ìpíndọ́gba wọn. 120 ni ní apá méjèèjì. Ó wá bi wá pé, "Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lálẹ́ òní, èwo nínú wọ́ọ̀dù méjì yìí lẹ máa gbà?"

A jọ pariwo ni: "Ti ọ̀tún!"

"Kí ló dé, nígbà tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ọ̀kan náà?"

Ẹni tó wà lórí fóònù ló dá a lóhùn pé ti òsì, wọn ò ní jẹ́ kéèyàn jókòó. Ẹni tó ni ọkọ̀ wá ní, "Bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká kúrò láàárín nìyẹn. Òun ni wọ́n ń pè ní standard deviation. Ó kéré lọ́tùn-ún, ó pọ̀ lósì." Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun fúnra òun ò mọ̀ ọ́n dáadáa, àfi ìgbà tí òun ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún wa.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn. Ẹ pín orí ìwé láàárín ara yín, kí kálukú lọ ka tirẹ̀, kí ó pa ìwé dé, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn yòókù, kí àwọn náà máa já a lẹ́nu pẹ̀lú "kí ló dé?" Pé ẹ jọ jókòó tí kálukú yín tẹjú mọ́ ìwé tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àáró. Ẹ sì fi Yorùbá ṣe é bó bá yá yín lára. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kó yé yín ní. Nígbà tí a dé orí bí ara ṣe ń tọ́jú pH ẹ̀jẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n ásíìdì inú rẹ̀, kó má kúrò láàárín 7.35 sí 7.45, a fi ẹ̀dọ̀fóró ṣe ọlọ́kadà tó ń tètè dé, a fi kídìnrín ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tó lè gbà tó ọjọ́ méjì kó tó dé, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹrù tó rù nípọn. Mi ò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín níbẹ̀ yẹn ò dúró sójú kan. Ẹ má fi dandan lé ìpàdé orí fídíò. Ẹ máa gba ohùn sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ fi ránṣẹ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà, ẹni tó wà ní náìtì á gbọ́ ọ nígbà tó bá jí, ìwọ náà sì lè máa gbọ́ ọ níbi tí o bá ti ń gún iyán.

Ohun kan wà tí kì í jáde lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa irú ẹgbẹ́ yìí jù láàárín àwa Yorùbá: ọ̀rọ̀ àgbà àti ipò. Nínú àwa mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ Chief Nursing Officer, àbíkẹ́yìn wa ò sì tíì ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń jí àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ó ní kí a tẹ àyà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tirẹ̀ nìyẹn. Láti 2005 ni ìlànà ti di 30 sí 2. Àbúrò wa mọ̀, ṣùgbọ́n "ma" ló ń pe obìnrin yìí ní wọ́ọ̀dù, báwo ni yóò ṣe wá la ẹnu pé irọ́ ni? Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wà nínú ìwé wa kí àbúrò wa tó wá bá mi níkọ̀kọ̀.

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe. Ohun tí a ṣe ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣàlàyé ohunkóhun, àní kó jẹ́ ọ̀gá, a gbọ́dọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ojú ìwé wo ló wà?" Ìwé là ń bi, kì í ṣe èèyàn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ń béèrè jù.

Ní ti dútì, ra ìwé kékeré kan. Ẹni tó bá gba náìtì rẹ, kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà síbẹ̀, kí o sì san án padà kó tó béèrè. Ní kété tí ọjọ́ ìdánwò bá jáde, mú un lọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù lórí ìwé, má dúró di ìgbà tó bá ti ṣe ròsítà tán. Má sì jáde náìtì kí o wọ mọ́tò lọ jókòó sí ìdánwò láìsùn. Gbèsè dútì dáa ju ìyẹn lọ.

Àwọn ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà láyè ò pọ̀. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí TMA, ṣùgbọ́n kí kálukú kọ tirẹ̀. Ní NOUN, 30 nínú 100 ni TMA, 70 yòókù wà nínú ìdánwò, níbi tí ẹni tó bá ọ kọ ọ́ ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn tàbí orúkọ rẹ̀ sórí WhatsApp nítorí pé ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ìbúra wa sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹ má sì dá àjọ níbẹ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó fọ́ torí owó ìwé títẹ̀ tí kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.

Bí ẹnì kan nínú yín bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pè é, ẹ má kọ̀wé sí i. Ọmọ ọdún méjì kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, mo sì pa fóònù. Ọ̀kan nínú wọn wọ ọkọ̀ wá sílé mi. Kò mú ìwé kankan dání, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ló gbé wá. Àmọ́ tó bá di pé ẹnì kan ò lè sùn mọ́, tó ń sunkún ṣáá, ó ti kọjá agbára ẹlẹgbẹ́ nìyẹn, kó lọ rí dókítà. Àwa nọ́ọ̀sì la máa ń pẹ́ jù kí a tó lọ.

Kí ọkọ rẹ má bínú sí mi. Ariwo tó ń gbọ́ lórí fóònù rẹ ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀yin mẹ́rin máa ń pàdé, kí ó lè gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ.

O ní o ò mọ ẹnì kankan. Inú igba èèyàn yẹn náà lo ti máa rí wọn, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí o má jáde. Ohun tí èmi kọ nígbà tí mo padà wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń ṣe náìtì, Statistics ò yé mi rárá. Mo ń wá ẹni mẹ́ta tí kò yé bíi tèmi, kí a jọ máa sọ ọ́ fúnra wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àìkú. Ẹ kọ sí mi níkọ̀kọ̀." Ẹni mọ́kànlá ló kọ̀wé sí mi. Márùn-ún ló wá lọ́jọ́ àìkú àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ àìkú kẹta, ó ti ku àwa mẹ́rin.