Taifọ́ọ̀dù oṣooṣù: àrùn ni àbí ìwé láàbù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ara ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, kì í yá tó oṣù kan kí wọ́n tó tún sọ pé ibà àti taifọ́ọ̀dù ti mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, "O 1/160" ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti dé. Èwo ni kí n gbà fún un kí taifọ́ọ̀dù yìí lè lọ pátápátá? — Ìyá ọlọ́mọ kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, ìyá wa. Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé taifọ́ọ̀dù ò ṣe ọmọ yín rí. Ó ti sú mi láti máa rí "O 1/160" yìí.

Widal ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn. Dókítà ará Faransé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló gbé e jáde ní 1896. Wọn á kán omi tó máa ń léfòó lórí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì sórí táìlì funfun, wọn á po èròjà aláwọ̀ búlúù tàbí pupa mọ́ ọn, wọn á máa mì ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ti ṣù jọ ní wóro-wóro, ó parí, taifọ́ọ̀dù nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ wọn ò rí kòkòrò kankan o. Àwọn sójà tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ni wọ́n rí (bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni "1/160" yẹn ń sọ), ìyẹn kì í sì í tètè tú ká. Ẹni tí taifọ́ọ̀dù ti ṣe nígbà kan, ẹni tó kó kòkòrò mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kódà ẹni tí ibà ẹ̀fọn lásán ń ṣe, Widal wọn lè ṣù. Èèyàn kì í tìtorí pé ó rí eérú nínú ààrò kó búra pé iná ń jó. Nílùú tí omi kànga ti tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà, ẹ ó bá "1/160" lára ẹni tó ń jẹ àmàlà rẹ̀ láìṣàìsàn.

Bí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ lo Widal, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó ṣe é, kí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín wọn, kó wò ó bóyá nọ́ńbà rẹ̀ fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Láàbù wo ló ń ṣe ìyẹn? Blood culture ló ṣeé gbára lé jù: wọn á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò, wọn á fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kó hù. Ó wọ́n, ó sì lè má rí i bí ọmọ bá ti lo oògùn apakòkòrò ṣáájú.

Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń kọ fún taifọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń lò lóṣooṣù ńkọ́? Ní Pakistan láti 2016, taifọ́ọ̀dù kan ti ń jà tí ọ̀pọ̀ oògùn wa ò ràn mọ́. Ibi tí irú àṣìlò yìí ń gbé wa lọ nìyẹn. Ohun tó ń dá ọmọ lágara gan-an sì lè wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò wá a: ó lè jẹ́ àrùn inú ilé ìtọ̀, ó lè jẹ́ ibà tí wọn ò tọ́jú tán. Èmi ò fojú kan ọmọ náà, n ò lè sọ èwo ni.

Ní ti abẹ́rẹ́: ti ibà, R21, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, ọmọ oṣù 5 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tiyín ti dàgbà jù ú lọ. Taifọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, TCV, tí àjọ WHO fọwọ́ sí ní 2018. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un; nígbà tí wọ́n dán an wò ní Malawi àti Nepal, ó dín taifọ́ọ̀dù kù ní nǹkan bí 80 nínú 100. Ó dáa, ẹ bi wọ́n níbi tí ẹ ti ń gba àjẹsára. Ṣùgbọ́n Widal lè ṣì máa ṣù lẹ́yìn rẹ̀ o.

Bí ara ọmọ bá tún gbóná, ẹ má gba kẹ́mísìtì láyè kó gún un. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibà wò. Bó bá ń bì, tí ikùn rẹ̀ wú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Oògùn tó ń lò lọ́wọ́ báyìí, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró. Ẹ kó páálí rẹ̀ àti gbogbo ìwé láàbù ọjọ́sí dání fún dókítà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.